Sí Àjíkẹ́, Kí O Tó Dá Wọn Lóhùn Lórí Ipò Díìnì

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Má wo bí ìwé yìí ṣe wọ́. Bírò kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tèmi náà sì máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí aboyún tó ń gun òkè. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ àwọn tó ni aṣọ tí mò ń fọ̀ nìkan ni mo ń kọ, màá kọ ọ́ sí bébà kékeré, màá fi pín-ìnì há a mọ́ ọrùn aṣọ. Ibi tí o bá ti rí i pé mo fa ìlà pa ọ̀rọ̀, mo ṣì ń ronú níbẹ̀ ni.

Bàbá ní kí òun bá mi kọ ọ́. Bàbá tí mò ń wí ni ọkọ mi. Wò ó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ojú tì mí. Ó di oṣù kẹrin tí mo ti wà nílé rẹ̀ ní Ìdímù, síbẹ̀ tí wọ́n bá pe "ìyàwó Tíṣà" ládùúgbò, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń bọ̀. Ó ní, "Ìyá Àjíkẹ́, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ Oǹdó níwèé, ṣé lẹ́tà ẹyọ kan ló máa wá ṣòro fún mi? Máa sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú. Tí o bá dé ibi ọ̀rọ̀ tó le, pè mí." Mi ò tíì pè é.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o ní, "Mọ́mì, wọ́n ní kí n wá ṣe díìnì, kí n máa darí gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa dá wọn lóhùn. Ṣé kí n gbà á àbí kí n má gbà á?" Èmi kàn ń sọ pé hẹn, hẹn. Kì í ṣe pé mi ò ní èsì. Lórí fóònù, ṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń sá fún mi, ìgbà tí mo bá fi rí i mú, o ti ní, "Mọ́mì, ó dàárọ̀." Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. O ní láàbù rẹ máa kú. O ní àwọn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ, mítíǹgì ló gbé wọn mì, wọn ò fọwọ́ kan iṣẹ́ ìwádìí mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. O ní ohun tí o ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ń yọ irin kúrò nínú omi kànga, ó ku díẹ̀ kó yọrí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sístà Dúpẹ́ nínú ìjọ wa ń lọ sí ìlú yín lọ́sàn-án òní, ọmọ rẹ̀ bímọ síbẹ̀. Ó ní òun máa yà gba lẹ́tà yìí, ìyẹn ni mo fi tètè jókòó.

Kí n tó sọ èyí tí mo rò, jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi ná. Kí ni díìnì máa ń ṣe tó bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀? Ta ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun àbí akọ̀wé rẹ̀? Tí pùròfẹ́sọ̀ méjì bá ń jà, ṣé ìwọ lo máa là wọ́n, kódà tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti kọ́ ọ níwèé rí? Ṣé o máa kúnlẹ̀ kí i kí o tó bá a wí, àbí tí o bá ti kúnlẹ̀, ìbáwí ti tán nìyẹn? Ṣé ipò náà ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbà á padà? Bàbá ní ó ní ọjọ́. Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀, ó ní òun ṣáà mọ̀. Mi ò gbà á gbọ́, ìwọ ni kí o sọ fún mi.

Iṣẹ́ rẹ gan-an náà máa ń mú mi ronú. Tí mo bá bu omi sínú kọ́ọ̀pù, mo máa ń gbé e sókè sí oòrùn, mo máa ń wá irin náà. Omi á mọ́ kedere. O ní ó wà níbẹ̀, mo sì gbà pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ rò ó pé ó lè wà níbẹ̀? Kí ló rí tí àwa yòókù ò rí? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an. Tí o bá wá kí wa, jókòó kí o sọ ọ́ fún mi látòkè délẹ̀, má fo ibì kankan torí pé ìwé mi ò pọ̀.

Ó dáa. Ohun tí ayé fi kọ́ mi ni mo ní, òun náà ni màá fún ọ.

Àkọ́kọ́, fi àkísà tọ́ omi wò kí o tó ri ìdì aṣọ bọ̀ ọ́. Ìṣẹ̀rí-Olófin la wà nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, bàbá rẹ ṣì wà láyé. Ìyá tó kọ́ mi ní aṣọ fífọ̀, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Alágbàfọ̀, ló gbé sùtánà ìkórè, aṣọ funfun tí ìjọ wa ń wọ̀, lé mi lọ́wọ́ kí n dá nìkan fọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mẹ́tàlélógún ni. Ó ní, "Omi tó o bá fẹ́ lò, kọ́kọ́ fi àkísà tọ́ ọ wò." Mi ò bi í pé kí ló dé. Mo rò pé tí mo bá béèrè, á mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan. Omi kànga wa ti lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo bá lọ pọn omi bóhóòlù tí onílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Omi náà mọ́ bíi dígí. Mo da bílíìṣì sí i, mo ri gbogbo aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo wọlé lọ gúnyán. Nígbà tí mo fi máa padà síta, omi ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, aṣọ ìjọ ti di àwọ̀ ẹrẹ̀.

Mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. Ìwọ wá dúró tì mí, o na ọrùn wo inú báàfù, o ní, "Mọ́mì, omi ò ní àwọ̀. Bílíìṣì ò ní àwọ̀. Aṣọ funfun. Níbo ni pupa ti wá?"

Mo gbá ọ létí.

Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Mo lọ sọ ní ìjọ pé ọṣẹ tí wọ́n rà ni ò dáa. Akápò ìjọ tó ra ọṣẹ náà wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Alágbàfọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni, mà. Mi ò tọ́ ọ wò."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, mà?"

"Ṣé ọṣẹ ló ń sọ omi di pupa ni? Ọjọ́ tí o máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni mò ń retí. Dìde jàre, lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ wá."

A fún ọsàn sí iyọ̀, a fi ń ra ojú àbàwọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sá a sí oòrùn, a tún ra á. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́ padà àfi ẹyọ kan. Lọ́jọ́ náà gan-an ló tún gbé ìdì míì lé mi lórí. Ó ní ẹni tó ti ba aṣọ jẹ́ rí, tó sì sọ pé òun ni, òun ni ọkàn òun balẹ̀ sí jù. Mo bẹ akápò náà níwájú ìjọ. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n kò ra ọṣẹ fún ìjọ mọ́ láé.

Nítorí náà, tí o bá dé orí àga yẹn tí o ní òfin tuntun lọ́kàn, má ri gbogbo ẹ̀ka bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Fi ibi kékeré kan tọ́ ọ wò, kí o dúró wo àwọ̀ tó máa yọ. Tó bá wá pọ́n, má di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọṣẹ ẹlòmíì. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ pé èmi ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ìgbátí yẹn. Mi ò tíì bẹ̀ ọ́ rí, mò ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, mo rí ìgò mẹ́fà lórí fèrèsé ìdáná. O ti lọ bu omi kànga àti bóhóòlù gbogbo àwọn onílé tó yí wa ká, o kán bílíìṣì sí ìgò kọ̀ọ̀kan, o fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ onílé sára ògiri nísàlẹ̀ rẹ̀. Mẹ́ta pọ́n, mẹ́ta ò pọ́n. Bí o ṣe rí mi, o fẹ́ sá. Sísá tí o fẹ́ sá yẹn dùn mí ju sùtánà mẹ́tàlélógún lọ. Mo ní, "Máa bọ̀. Wá fi hàn mí." O fi hàn mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ilé tí mo lè pọn omi níbẹ̀, òun ni mo fi rí iṣẹ́ gbà títí dé Gowon Estate, tí àwọn oníbàárà mi ń sọ pé funfun ti Ìyá Àjíkẹ́ yàtọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo gbá létí ló ṣe é.

Àwọn ọmọ á wá bi ọ́ ní ìbéèrè ní ọ́fíìsì yẹn, lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́ gan-an ni wọ́n sì máa wá, nítorí ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè máa ń wà nílẹ̀. Má gbá wọn. Mo mọ̀ pé díìnì kì í gbáni létí. Ojú ló fi ń gbáni. Ohùn ló fi ń gbáni. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ míì" náà, ìgbátí ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí o mú mi lọ wo láàbù rẹ. Bísọ́lá tó ń ṣe ìwádìí lábẹ́ rẹ gbé kóòtù funfun wá fún mi. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ tán ni mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rò ó rárá. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà, o mọ̀, ẹsẹ̀ mi ló bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bísọ́lá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ásíìdì lè kán sí yín lẹ́sẹ̀." Ìwọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o wọ bàtà náà fún mi lójú gbogbo wọn, o ní, "Mọ́mì, funfun tiwa níbí, tòun ti bàtà ni."

Ojú tì mí títí mo fi délé. Ṣùgbọ́n mo ń yí i wò lọ́kàn mi. Funfun kan náà ni. Ibì kan ní kí o bọ́ bàtà, ibì kan ní kí o wọ̀ ọ́, kò sì sí èyí tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ipò yìí ṣe rí. O sọ fún mi rí pé ní láàbù, ohun tí kò bá tíì dá ọ lójú, o kì í sọ ọ́ jáde. Ìwà rere nìyẹn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí èèyàn, tó bá dákẹ́ títí gbogbo nǹkan fi dájú, àwọn tó ń darí á ti sá tán. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà á dáadáa. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé abèèrè kì í ṣìnà. Akọ̀wé tó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ayé àwọn díìnì àtijọ́, bi í kí o tó bọ́ bàtà, bi í kí o tó wọ̀ ọ́.

Èyí tó kàn yìí, mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìdí tí mo fi mú bírò.

Nígbà tí Màmá Alágbàfọ̀ kú, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ìjọ. Búlúù tí a fi ń ṣan aṣọ funfun gbẹ̀yìn ní ìwọ̀n. Tó bá kéré, aṣọ á pọ́n bí eyín arúgbó. Tó bá pọ̀, á dà bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po ó àfi èmi. Mo ń pè é ní ìfẹ́ iṣẹ́. Ìbẹ̀rù ni, ọmọ mi. Mo ń rò ó pé tí ẹlòmíì bá mọ̀ ọ́n pò, kí wá ni èmi máa jẹ́?

Ìgbà náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, nígbà tí o wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, tí mò ń ro aṣọ ìjọ ju ikùn ara mi lọ. Ọjọ́ tí mo padà sí ìsìn, gbogbo wọn funfun báláú. Mo bi wọ́n pé ta ló po búlúù. Wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Sùúrù, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló dáhùn.

"Èmi ni, mà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ máa ń kọ ẹ̀yìn sí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, egbò ikùn mi sì ń ro mí. Lẹ́yìn náà mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìjọ. Obìnrin yẹn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Tí kì í bá ṣe àìsàn, mi ò bá má mọ̀ títí mo fi kú.

Láàbù rẹ ò ní kú, Àjíkẹ́. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹnì kan ṣoṣo ló ń pa láàbù. Mo wo Bísọ́lá lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe ń na ìgò sí ọ kí o tó béèrè fún un. Gbé kọ́kọ́rọ́ fún un báyìí, nígbà tí o ṣì wà nítòsí láti rí àṣìṣe rẹ̀, kí ó máà jẹ́ ìgbà tí ipò bá ti gbé ọ lọ.

Ṣùgbọ́n fetí sí èkejì rẹ̀, nítorí mo tún ṣe àṣìṣe yẹn náà. Lẹ́yìn tí mo gbé búlúù fún Ìyá Sùúrù, mo wá di ìyá orí àga. Mò ń nàka. "Ẹ fọ ibẹ̀ yẹn. Ẹ fún un dáadáa." Kí ọdún tó yí, ìka mi ò lè mọ ìgbà tí ọṣẹ ti kúrò lára aṣọ mọ́. Àwọn obìnrin náà mọ̀. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ṣá, ṣùgbọ́n wọn ò fi aṣọ tó ṣòro wá bi mí mọ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tèmi. Aṣọ kan péré ni mo máa ń fọ̀, kò sí ẹni tó lè rán mi níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kódà Bàbá mọ̀. Yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ. Tí wọ́n bá fi mítíǹgì sí i, sọ fún wọn pé omi ti pè ọ́ ṣáájú wọn.

Èyí tó kẹ́yìn, má jẹ́ kí Bàbá kà á. Ọdún mẹ́ta ló fi ń bi mí bóyá màá fẹ́ òun kí n tó dá a lóhùn. Tó bá ti bi mí, màá ní, "Màá fi sádùúrà, sà." Irọ́ ni. Mo ti gbàdúrà tán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń retí ni ọjọ́ tí ojú ò ní tì mí mọ́, ọjọ́ náà ò dé. Ìwọ lo pè mí lọ́jọ́ kan tí o ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ ẹ ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i pé ẹ fẹ́ ẹ?" Mo bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo dá a lóhùn.

Mo gbé ìbéèrè náà padà fún ọ. Nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ Àìkú. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́, àmọ́ láàárín ẹ̀rù yẹn kan náà, o sọ fún mi nípa yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní fáànù, o sọ nípa àwọn ọmọ ọdún kìíní tí wọn kì í fọwọ́ kan ìgò títí wọ́n fi dé ọdún kẹta, o ní ìwọ ò bá ṣe é báyìí, ìwọ ò bá ṣe é báun. Ẹni tí kò fẹ́ ilé kì í wọn fèrèsé rẹ̀ fún kọ́tíìnì.

Mo gbọ́ fèrè mọ́tò níta. Sístà Dúpẹ́ nìyẹn. Bàbá ti ń bá a sọ̀rọ̀ ní géètì, ó ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ìyàwó òun ń kọ̀wé.

Àjíkẹ́, gbà á. Mo ti ń yí i ká láti àárọ̀, èyí ni mo fẹ́ sọ. Gbà á fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá fún ọ, kí o sì padà sídìí omi rẹ tó bá parí. Má dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ máa gbà. Láàárọ̀ ìgbéyàwó mi, ọkàn mi ò tíì gbà nígbà tí mo wẹ̀, kò tíì gbà nígbà tí mo wọṣọ. Mo ṣáà jáde nílé. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìjọ kí ọkàn mi tó lé mi bá. Tìrẹ náà á lé ọ bá lójú ọ̀nà.

Bàbá tún ti ń pè. "Ìyá Àjíkẹ́, wọ́n ti tan mọ́tò o." Mò ń bọ̀, sà. Ọmọ mi, tí o bá wọlé lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé, má sáré sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ jókòó, kí o wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wá sọ fún wọn pé o gbà á. Èmi ni, Mọ́mì rẹ.